Igi Kúrú, Èso Ò Kúrú

Igi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi gígé sọ di aràrá nínú ìkòkò, bí àwọn ará Jàpáànù ti ń ṣe bonsai, lè má ga ju orúnkún lọ, kí ewé rẹ̀ sì kéré, ṣùgbọ́n èso rẹ̀ kì í kéré: bí èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà ló máa ń tóbi.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa á. Ọsàn kì í wọ́wé tán láàárín ọdún. Inú ewé yẹn ló ń kó ọ̀pọ̀ oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí. Ẹni tó gé gbòǹgbò, tó tún já gbogbo ewé lọ́jọ́ kan náà, ó gba oúnjẹ lọ́wọ́ igi, ó tún gba ẹnu ẹ̀.

Ní àgbàlá tóóró kan ní Ìjọra l'Ékòó, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí, tí wọ́n dá ihò sí nídìí, ti tó fi ṣe ìkòkò. Tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ iyẹ̀pẹ̀, ẹ dúró de àkọ́rọ̀ òjò, ẹ gé gbòǹgbò díẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan ewé, kí ẹ gbé e sábẹ́ ìbòòji fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ti múlẹ̀ dáadáa, tí ẹ wá fẹ́ dín ewé kù, abẹ ni kí ẹ fi ré e, kí ẹ ṣẹ́ ọ̀pá tín-ín-rín ìdí rẹ̀ kù sára ẹ̀ka. Yóò gbẹ, yóò sì já fúnra rẹ̀.