ELÓ NI ÀGA TÓ Ń GBÉ ÀGBÀ GUN ÀTẸ̀GÙN?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé ṣubú ó wo iwájú, àgbà ṣubú ó wo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ilé ìwòsàn ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ṣiṣẹ́ ọba ní Òkè Ọya níbí ló ti kọ́lé sílé. Láti ìgbà tí àwọn míṣọ́nnárì ti parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sí Àgbádárìgì ní 1845, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti di ohun iyì láàárín wa. Èmi náà kọ́ tèmi. Yàrá tó dára jù lókè ni mo fún màámi. Mo rò pé mo dá wọn lọ́lá. Nígbà tí wọ́n lé ní ọgọ́rin ọdún, tí orúnkún ń dùn wọ́n, àtẹ̀gùn di odi fún wọn. Àwọn ọmọ-ọmọ fẹ́ máa pọ̀n wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe àpò ìrẹsì. Odidi ọdún méjì ni wọ́n fi ń gbọ́ ohùn àlejò nísàlẹ̀, tí wọn kò rí ojú àlejò.

Ọmọ mi tó wà ní London ló sọ pé, "Dádì, ẹ jẹ́ ká ra stairlift fún Màmá àgbà." Iṣẹ́ ọba tí mo ti ṣe kò jẹ́ kí n gbà láìmọ iye owó. Mo mú ìwé àti bírò. Ohun tí mo kọ́ nìyí, mo sì ti tún àwọn owó náà yẹ̀ wò.

KÍ NI Ẹ̀RỌ NÁÀ?

Àga ni, tó ní ibi ìgbápálé, ibi ìgbẹ́sẹ̀lé àti bẹ́líìtì. Irin gígùn kan ni wọ́n ń dè mọ́ àtẹ̀gùn fúnra rẹ̀, kì í ṣe mọ́ ògiri; orí irin náà ni àga ń rìn. Ọ̀gbẹ́ni C. C. Crispen, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ní 1923. Ẹ̀rọ náà kì í sáré, bí nǹkan bá sì dí i lọ́nà, yóò dúró. Bátìrì ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, iná ilé ló sì ń fún bátìrì náà lágbára. Nítorí náà, bí wọ́n bá mú iná lọ, ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ kò ní há sáàárín.

OWÓ RẸ̀

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kì í ṣe owó àga nìkan.

1. Ìrísí àtẹ̀gùn. Èyí ló ń pinnu owó jù. Ní Ìlú Ọba, tuntun fún àtẹ̀gùn tó lọ tààrà sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí £2,000 sí £4,000, pẹ̀lú owó àwọn tó máa dè é. Èyí tó yí kọ́nà lè gba £5,000 sí £10,000, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ní 2025, pọ́n-ùn kan tó nǹkan bí ₦2,000. £3,000 di ₦6,000,000 nìyẹn. Ẹni tó ń gba owó oṣù tó kéré jù, ₦70,000 tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún méje lọ láìná kọ́bọ̀ kó tó rí i. Ẹ wá wo àtẹ̀gùn ilé wa: ọ̀pọ̀ ló ń dé àárín tí yóò wá yí padà. Irin tó yí kọ́nà, ìwọ̀n àtẹ̀gùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò ṣe é gbé lọ sí ilé mìíràn.

2. Owó ọkọ̀ àti owó ibodè, bí ó bá jẹ́ òkè òkun ni a ti rà á.

3. Iná. Bátìrì ń fẹ́ iná nígbà gbogbo, lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a ó sì pààrọ̀ rẹ̀. Ilé tí iná kì í pẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní inverter tàbí jẹnẹrétọ̀.

4. Àtúnṣe. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè pé: ta ni yóò wá tún un ṣe, ìlú wo ló ń gbé, ǹjẹ́ ó ní ohun èlò rẹ̀ lọ́wọ́?

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ NÍ ẸBÍ NÍ ÌLÚ ỌBA

Ẹ sọ fún wọn pé ìjọba ìbílẹ̀ ibẹ̀ lè ràn wọ́n lọ́wọ́. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń pè ní Disabled Facilities Grant lè tó £30,000 ní England, ó sì lè tó £36,000 ní Wales. Wọ́n máa ń wo ara ẹni náà, wọ́n sì lè wo owó tó ń wọlé fún un. Kí wọ́n má tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ìwé àṣẹ tó jáde, torí wọn kì í sábà sanwó iṣẹ́ tí a ti ṣe ṣáájú.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Níbí, owó ìfẹ̀yìntì wa àti owó ọmọ ni. Òótọ́ ni pé bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fà á ya. Bí àtẹ̀gùn bá lọ tààrà, tí kò sí yàrá nísàlẹ̀, tí àgbà náà sì lè jókòó dáadáa, àga yìí dára. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ìsàlẹ̀.

Ibi tí a ti ń ṣírò owó ni màámi ti papò dà, ní 2019. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo pálọ̀ kékeré tí mo yà sọ́tọ̀ fún àlejò pàtàkì. A kì í ṣí i ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́dún. Ilé ìtura wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó rántí rẹ̀ nínú gbogbo wa, èmi tí mo kọ́lé gan-an kò rántí. Mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, mo fẹ ẹnu ọ̀nà sí i, mo de irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìtura. Owó gbogbo rẹ̀ kò tó ìdajì owó àga náà. Èmi fúnra mi ló ń sùn níbẹ̀ báyìí nígbàkigbà tí mo bá lọ sílé, torí orúnkún tèmi náà ti ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ya àwòrán ilé lọ́wọ́, ẹ fi yàrá kan àti ilé ìwẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Ẹ de irin ìdìmú sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn méjèèjì, kí ẹ sì tan iná síbẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tí òbí yín ń gbé lókè, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀ kẹ́yìn.

Kí Elédùmarè jẹ́ kí a jẹ èrè ilé tí a kọ́, kí a má ṣubú nínú rẹ̀.