Ibi Tí Iná Mẹ̀kúnnù Ti Ń Bọ́ Mọ́ Ènìyàn Lọ́wọ́ ní Abidjan

Oṣù méjì-méjì ni bíìlì iná ń dé ní Abidjan fún ẹni tí kò bá lo mítà alásansílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ooru ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fi máa ń dun ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì: ó dùn ún lára lóru tí fáànù ń yí mọ́jú, ó sì tún dùn ún lápò nígbà tí ìwé CIE, ilé-iṣẹ́ iná, bá wọlé. Láti ọdún 2023, ìwé náà ti wúwo sí i. Ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún yẹn, ìjọba Côte d'Ivoire fi ìdá 10 nínú 100 lé owó iná, wọ́n sì yọ àwọn tó wà lábẹ́ tárífù mẹ̀kúnnù, ìyẹn owó iná tó dín fún tálákà, sílẹ̀. Nígbà tí oṣù kìíní 2024 yóò fi pé, wọ́n tún fi ìdá 10 mìíràn lé e. Ẹni tí ìlọsókè méjèèjì bá kàn, iná tó ń san 10,000 CFA fún tẹ́lẹ̀ ti di 12,100.

Owó kékeré kọ́ nìyẹn. Síbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ ilé, ìlọsókè ìjọba nìkan kọ́ ló ń sọ bíìlì di ìlọ́po méjì. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ìdílé náà ti jáde kúrò lábẹ́ tárífù mẹ̀kúnnù láìmọ̀, tàbí pé irú ilé tí wọ́n ń gbé kò jẹ́ kí wọ́n wọ abẹ́ rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn ènìyàn wa tó wà ní Treichville, Adjamé àti Abobo mọ̀ dunjú.

Ní Côte d'Ivoire, ọjà kọ́ ló ń sọ iye tí iná jẹ́. Ìjọba ló ń fi àṣẹ gbé e kalẹ̀. CIE, ilé-iṣẹ́ tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ EECI, ilé-iṣẹ́ iná ti ìjọba, ní 1990, ló ń gbé iná dé ilé tó sì ń gba owó rẹ̀. Ní 2020, òun àti ìjọba tún àdéhùn wọn ṣe fún ọdún 12 sí i. Tárífù tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mẹ̀kúnnù ni ti mítà ámpíà 5. Lábẹ́ rẹ̀, yúnìítì 80 àkọ́kọ́ láàárín oṣù méjì ni owó rẹ̀ kéré jù, èyí tó bá lé ní 80 sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Ààrẹ Alassane Ouattara gé ìdá 20 nínú 100 kúrò lára tárífù yìí láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2019, yúnìítì kan nínú 80 àkọ́kọ́ di 28.84 CFA, èyí tó lé sì di 50.16. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Yúnìítì 80 àkọ́kọ́ jẹ́ nǹkan bíi 2,300 CFA. Yúnìítì 80 tó tẹ̀lé e jẹ́ nǹkan bíi 4,000, kí owó mítà, owó tẹlifíṣọ̀n ìjọba àti owó-orí tó gun orí rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí lábẹ́ tárífù mẹ̀kúnnù rárá, láti yúnìítì àkọ́kọ́ ló ti ń san ju ìlọ́po méjì ohun tí aládùúgbò rẹ̀ ń san.

Báwo ni 80 yìí ṣe pọ̀ tó? Yúnìítì kan ni iná tí áyọ́ọ̀nù oníwáàtì 1,000 ń jẹ ní wákàtí kan. Tí a bá pín 80 sí 60 ọjọ́, yúnìítì kan àti díẹ̀ ló kàn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Fáànù oníwáàtì 60 tó yí fún wákàtí mẹ́jọ lóru ti jẹ ìdajì yúnìítì. Tẹlifíṣọ̀n oníwáàtì 80 fún wákàtí márùn-ún jẹ 0.4. Gílóòbù LED mẹ́rin, oníwáàtì 10 kọ̀ọ̀kan, fún wákàtí márùn-ún, jẹ 0.2. Ẹ fi fóònù tí gbogbo ilé ń ṣáájì kún un, ọjọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. A kò tíì dárúkọ fìríìjì, èyí tí òun nìkan lè jẹ yúnìítì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọjọ́ tí ìdílé bá ra fìríìjì wọlé ni wọ́n ti kúrò nínú 80 àkọ́kọ́, àwọn mìíràn kò sì ní mọ̀ títí oṣù méjì yóò fi pé.

Ohun tó ń yọ ènìyàn kúrò lábẹ́ tárífù yìí pátápátá ni ámpíà fúnra rẹ̀. Ámpíà 5 kò lè gbé ju nǹkan bíi wáàtì 1,100 lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Tí fìríìjì bá ń ṣiṣẹ́, tí ẹnì kan sì ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, bùrékà já, ilé sì ṣókùnkùn. Ìmọ̀ràn tí àwọn aládùúgbò máa ń gbani ni pé, "Ẹ lọ gbé e sí 10." Wọn kì í sọ èyí tó kù: pé ọjọ́ tí mítà bá di ámpíà 10 ni tárífù mẹ̀kúnnù dópin. Kí ìyá ilé tó fọwọ́ sí ìwé ìyípadà yẹn, ó yẹ kó bi ara rẹ̀ bóyá kò ní rọrùn jù kí wọ́n yọ fìríìjì kúrò nínú iná ní ìṣẹ́jú 20 tí wọ́n fẹ́ fi lọ aṣọ.

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ cour commune, ilé tí yàrá ti dojú kọ ara wọn yí àgbàlá kan ká, tí ayálégbé púpọ̀ ń gbé. Mítà kan ṣoṣo ló máa ń wà níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, lórúkọ onílé. Kí a sọ pé ìdílé mẹ́fà ló wà níbẹ̀, tí kálukú ń lo yúnìítì 60 láàárín oṣù méjì. Bí olúkúlùkù bá ní mítà ámpíà 5 tirẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò kọjá 80 nínú wọn. Ṣùgbọ́n lórí mítà kan, wọ́n di 360, ámpíà 5 kò sì lè gbé wọn. Owó tí olówó ń san ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wọn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń gbé yàrá kan ni kálukú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà pínpín: ta ló ní fìríìjì, ta ló ń tan fáànù lọ́sàn-án, ta ló ní òun kì í sí nílé. Ìrànwọ́ tí ìjọba ṣe fún tálákà kọjá lórí wọn, nítorí pé mítà ni ó ń kà, kò ka orí.

Ìjọba mọ̀ pé ìṣòro yìí wà. Ní 2014 ni wọ́n dá ètò Électricité pour Tous sílẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí PEPT. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ yóò san 1,000 CFA lọ́wọ́ kan, wọn yóò gbé mítà dé ilé rẹ̀, yóò sì máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀ mọ́ bíìlì fún ọdún púpọ̀. Ìdílé tó ti gba mítà lọ́nà yìí ti lé ní mílíọ̀nù kan.

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ owó iná, a kò gbọ́dọ̀ gbàgbé 2016. Nígbà tí owó iná tuntun bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún yẹn, bíìlì àwọn kan fò sókè kọjá ohun tí wọ́n kéde. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún, níbi ayẹyẹ ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́, Ààrẹ Ouattara fagi lé ìlọsókè náà, ó sì ṣèlérí pé wọn yóò dá owó padà. Kò pẹ́ tí bíìlì mìíràn dé tí kò jọ ìlérí náà. Ní oṣù keje, àwọn ènìyàn tú sígboro ní Yamoussoukro, Daloa àti Bouaké. Ní Bouaké, ní ọjọ́ 22, wọ́n kó ọ́fíìsì CIE lẹ́rù, ẹ̀mí sì bọ́. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ olóṣèlú mọ̀ pé ìwé bíìlì lè dá ìlú rú, mo sì gbà pé ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ wà lára ìdí tí owó iná kò fi lọ sókè fún ọdún mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n fi ń pèsè iná kò dúró. Gáàsì tí wọ́n ń wà lábẹ́ òkun ló ń pèsè èyí tó pọ̀ jù nínú iná orílẹ̀-èdè náà, ní àwọn ilé-iṣẹ́ bíi Azito àti CIPREL. Omi ìdídò Kossou, Buyo àti Soubré ló ń pèsè púpọ̀ nínú ìyókù. Ní 2021, omi fà nínú ìdídò, ẹ̀rọ kan sì bàjẹ́ ní Azito, ni wọ́n bá ń pín iná fún àdúgbò ní wákàtí-wákàtí fún oṣù mélòó kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni ogun Ukraine sọ epo àti gáàsì di wúrà káàkiri ayé. Ìyàtọ̀ láàárín iye tí iná ń ná ìjọba àti iye tí aráàlú ń san wá di gbèsè. Nígbà tí àjọ IMF fọwọ́ sí ẹ̀yáwó bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là fún Côte d'Ivoire ní oṣù karùn-ún 2023, àtúnṣe owó iná wà lára ohun tí wọ́n jọ sọ. Ní oṣù keje ọdún kan náà ni ìlọsókè àkọ́kọ́ dé.

Àwọn ará Ẹjìgbò, tí ìdílé wọn pín sí ọ̀nà Abidjan àti ọ̀nà ilé láti ayé àwọn bàbá wọn, lè fi ìwọ̀n méjèèjì wé ara. Ní Nàìjíríà, ní oṣù kẹrin 2024, owó yúnìítì kan fún àwọn tó wà ní Band A, ìpele àwọn tó ń rí iná pẹ́ jù lójúmọ́, kúrò ní nǹkan bíi 68 náírà, ó di 225 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní Abidjan, kò sí ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí ìwé pé tárífù mẹ̀kúnnù yóò parí fún yín. Ìlò yín ló ń mú yín kúrò nínú owó tó kéré jù, ámpíà yín ló sì ń parí tárífù náà.

Nítorí náà, orí ìwé bíìlì fúnra rẹ̀ ni kí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ ámpíà sí, ẹ wo tárífù, ẹ wo iye yúnìítì, kí ẹ tó wo owó. Bí ohun tí wọ́n kọ kò bá bá mítà mu, ẹ lọ sí ọ́fíìsì CIE pẹ̀lú nọ́ńbà tó wà lójú mítà. Bí wọn kò bá dá yín lóhùn, àjọ ANARE-CI wà fún ẹjọ́ oníbàárà. Fìríìjì tòkunbọ̀, èyí tí àwọn ará Abidjan ń pè ní France au revoir, ni kí ẹ yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ bébà kan lórí, kí ẹ fà á. Bí bébà bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà etí ilẹ̀kùn ti kú, tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ yóò sì máa ṣiṣẹ́. Owó rọ́bà tuntun kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ń bá ibẹ̀ sá lọ. Ìyá tó ń ta ẹja dídì tàbí omi tútù gbọ́dọ̀ ka iná fìrísà mọ́ owó ọjà, kó má kà á mọ́ ti ilé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èrè tó rò pé òun jẹ kì í ṣe èrè. Ẹ má sì fi iná se oúnjẹ: ìjọba ló ń ran owó gáàsì lọ́wọ́, ó sì ti pẹ́ tí ìgò kílò 6 ti wà ní 2,000 CFA.

Ẹ̀yin onílé, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ilé cour commune, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ayálégbé yín gba mítà tirẹ̀. Ẹ fọwọ́ sí ìwé tó bá mú wá. Kò ní gba nǹkankan lápò yín, ó sì lè dín owó iná ẹni tó ń gbé yàrá kan kù gidigidi.