Tẹ́tẹ́ ẹṣin l'Abidjan: Bí iye tí ẹṣin yóò san bá já lójijì, ta ló ń jèrè?

Ilẹ̀ Faransé ni àwọn ẹṣin ti ń sáré, ṣùgbọ́n Abidjan ni àyà ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń já. Ní Zone 4, ní Marcory, níbi tí àwọn òyìnbó Faransé, àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù àti àwọn ọmọ Áfíríkà lóríṣiiríṣii ti ń jùmọ̀ gbé, tẹ́tẹ́ PMU kì í ṣe ohun àjèjì. LONACI, iléeṣẹ́ tẹ́tẹ́ ìjọba Côte d'Ivoire tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1970, ló ń ta á fún aráàlú. Ọ̀rọ̀ náà kan ilé wa pẹ̀lú, nítorí pé àwọn ọmọ Èjìgbò, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìwó, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Anago, ti ń ṣòwò nílùú náà láti ìgbà pípẹ́.

Ohun tó ń da orí àwọn èèyàn rú jù nínú tẹ́tẹ́ ẹṣin ni bí iye tí ẹṣin yóò san ṣe máa ń yí padà wàràwàrà kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin tó yẹ kó san ìlọ́po méje lè já sí ìlọ́po mẹ́rin kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Kíá ni ariwo yóò ta pé àwọn tó mọ àṣírí ẹṣin náà ti gbówó lé e. Ẹni tó mú owó ọjà dání yóò sì da tirẹ̀ náà lé e.

Bẹ́ẹ̀, kò sí ẹnì kankan tó jókòó sí ọ́fíìsì tó ń bu iye lé ẹṣin. Ọgbọ́n tí Joseph Oller gbé kalẹ̀ ní Paris láàárín ọdún 1860 sí 1870 ni PMU ń lò: wọn yóò da gbogbo owó tẹ́tẹ́ sójú kan, iléeṣẹ́ yóò yọ tirẹ̀, àwọn tó jẹ yóò pín ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní owó tó wà nílẹ̀ jẹ́ 100,000 sẹ́fà, tí iléeṣẹ́ sì yọ 30,000, a jẹ́ pé 70,000 ló kù. Bí 10,000 péré bá wà lórí ẹṣin karùn-ún, ẹni tó fi 1,000 ta á yóò gba 7,000 bó bá borí. Ṣùgbọ́n bí olówó kan bá dé ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, tó gbé 10,000 mìíràn lé ẹṣin kan náà, owó ilẹ̀ di 110,000. Bí iléeṣẹ́ bá yọ 30 nínú 100 bíi ti tẹ́lẹ̀, 77,000 ló kù fún 20,000 tó wà lórí ẹṣin náà. Ẹni tó ń retí 7,000 yóò gba 3,850. Ẹṣin kò yí padà, agẹṣin kò yí padà. Àwọn tó fẹ́ jẹ nínú àwo kan náà ló pọ̀ sí i.

Àwọn tó mọ àṣírí ní tòótọ́ kì í fẹ́ kí iye já lójú ayé. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá Cartmel, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní August 26, 1974. Níbẹ̀, àwọn onítẹ́tẹ́ fúnra wọn ló ń dá iye lé ẹṣin, ṣùgbọ́n bí owó bá pọ̀ lórí ẹṣin kan, wọn a máa fà á wálẹ̀. Tony Murphy, ará Ireland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ẹṣin kan tó ń jẹ́ Gay Future. Wọ́n so tẹ́tẹ́ rẹ̀ mọ́ ti ẹṣin méjì mìíràn káàkiri àwọn ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́ ní London, kí ẹnikẹ́ni má baà fura. Lọ́jọ́ eré, wọ́n yọ ẹṣin méjèèjì kúrò, gbogbo owó sì bọ́ sórí Gay Future. Wọ́n tún fi ọṣẹ pa á lára, kó lè dà bí ẹni pé ó ti làágùn, pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí àwọn onítẹ́tẹ́ yóò fi fura, wọn kò rí pápá náà bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Ẹni tó fi pọ́n-ùn kan ta á ṣì ń jèrè pọ́n-ùn mẹ́wàá nígbà tí ẹṣin náà borí pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn ẹṣin 15. Àṣírí tú lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ sì dá Murphy àti Tony Collins, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí olùtọ́jú ẹṣin náà, lẹ́bi lọ́dún 1976.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò Zone 4 ni pé iye tó já kàn ń sọ ibi tí owó gbà ni, kò sọ ẹṣin tí yóò borí. Bí ariwo bá sì fi máa dé etí ẹni tó wà nídìí ọjà rẹ̀, ọ̀pọ̀ èrè inú rẹ̀ ti lọ. Kí ẹni tó bá fẹ́ ta tẹ́tẹ́ fi ìwọ̀nba owó tí kò ní pa á lára ta á, kó yọwọ́ owó ọjà àti owó iléèwé ọmọ kúrò níbẹ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó gbójú lé ogún, ó fi ara rẹ̀ fóṣì ta ni. Ẹni tó gbójú lé ẹsẹ̀ ẹṣin tó wà ní Paris kò sàn jù ú lọ.