Lomé àti Togoville: Bí Omi Ṣe Pín Ipò fún Ìlú Méjì

Lomé ni olú-ìlú orílẹ̀-èdè Tógò. Ó kọjú sí òkun Àtìláńtíìkì, ó sì fara ti ẹnubodè débi pé ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti ìwọ̀-oòrùn ìlú náà kò ní pẹ́ bá ara rẹ̀ ní Aflao tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Gánà. Togoville ní tirẹ̀ jẹ́ ìlú kékeré ní etí àríwá adágún omi Tógò, adágún tó jẹ́ ọ̀sà, ìyẹn omi tí ilẹ̀ yanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ là láàárín òun àti òkun. Bí a bá fi ojú òde òní wò wọ́n, Lomé ni yóò jọ àgbà, ṣùgbọ́n ìlú kékeré yìí ni orílẹ̀-èdè náà ti gba orúkọ: nínú èdè Ewe, “to” ni omi, “go” sì ni etí rẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Keje ọdún 1884, Gustav Nachtigal, aṣojú ìjọba Jámánì, àti Plakko, ẹni tó ń gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Mlapa ti Togoville, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó fi agbègbè náà sábẹ́ ààbò Jámánì. Orúkọ ìlú etí omi yìí ni àwọn Jámánì sì fi pe gbogbo ilẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́yìn náà, títí dé òkè àríwá tí àṣẹ Mlapa kò dé rárá.

Orúkọ Lomé kò ní ìtàn ọba nínú. “Alo” ni igi tí àwọn Ewe ń gé pákò lára rẹ̀, “me” sì ni inú, èyí tó túmọ̀ sí pé àárín àwọn igi pákò ni ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń sá fún owó bodè tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ní ìwọ̀-oòrùn ló sọ ibẹ̀ di ibi ìkẹ́rùsí, Jámánì sì fi í ṣe olú-ìlú ní 1897. Ìgbì etíkun náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe kọ́ afárá èbúté ní 1904, èyí tó nà wọ inú òkun kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Ojú irin rélùwéè tó ti Aného, Kpalimé àti Atakpamé wá, níbi tí àwọn Ifẹ̀ tó ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá ń gbé, parí sí ìdí afárá yìí, kò sì pẹ́ tí ọ̀pọ̀ ẹrù tí ilẹ̀ náà ń tà fi di ohun tó gbọ́dọ̀ gba Lomé kọjá. Èbúté ńlá tí wọ́n ṣí ní 1968 wá fi ìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Nínú ọjà àárín ìlú, àwọn obìnrin tó ń ta àǹkàrá láti ilẹ̀ Netherlands lówó nígbà kan débi pé wọ́n ń fi ọkọ̀ Mercedes-Benz rìn, tí aráàlú fi ń pè wọ́n ní Nana Benz. “Nana” jẹ́ orúkọ ọ̀wọ̀ fún ìyá.

Kò sí ìgbì ní Togoville. Láti Agbodrafo, ìlú tó wà lórí ilẹ̀ yanrìn ní òdìkejì, ọkọ̀ ọpọ́n ni èrò ń wọ̀ débẹ̀, ọlọ́kọ̀ yóò sì dúró, yóò máa fi ọ̀pá gígùn gún ìsàlẹ̀ omi, yóò máa ti ọkọ̀ síwájú, nítorí pé omi náà kò jìn. Omi tó rọrùn fún ọlọ́kọ̀ yìí kò lè gba ọkọ̀ ńlá, ìdí nìyẹn tí òwò ńlá kò fi dúró níbẹ̀. Ohun tó kù fún ìlú náà ni ẹ̀sìn: ojúbọ Vodun, tó fara jọ òrìṣà ilẹ̀ Yorùbá, wà káàkiri ìlú tí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì ńlá wà, ìyẹn ìlú tí Póòpù John Paul Kejì ṣàbẹ̀wò sí ní 1985.

Ìkànìyàn ọdún 2022 fi hàn pé àwọn tó ń gbé Lomé àti agbègbè rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 2. Síbẹ̀, gbogbo ìwé ìrìnnà tó ń jáde láti àwọn ọ́fíìsì ìjọba tó wà níbẹ̀, orúkọ ìlú etí ọ̀sà náà ló wà lára èèpo rẹ̀.