Wàrà ní Àríwá Èkìtì: Láti Igbá Fúlàní Dé Ẹ̀wà Sóyà

Wàrà ni orúkọ tí ọjà mọ̀. Wàràkàṣì, tí àwọn olùtumọ̀ Bíbélì lò fún ohun tí Dáfídì gbé lọ sójú ogun, kò fi bẹ́ẹ̀ jáde kúrò nínú ìwé. Obìnrin Fúlàní ló ń ṣe wàrà, Yorùbá ló ń rà á jẹ. Ìdí nìyí tí ìtàn wàrà láti Ọ̀tùn dé Ìkọ̀lé, níbi tí Èkìtì ti bá Kwara pààlà, fi jẹ́ ìtàn àjọgbé darandaran àti àgbẹ̀.

Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù ka iná tí kò le, wọ́n á fún oje ewé bọmubọmu sí i. Bí ó bá gbóná títí, èyí tó dì yóò yà kúrò lára omi, wọ́n á sì dà á sínú agbọ̀n kékeré kí ó lè ro. Kì í pẹ́ kí ó tó bàjẹ́. Omi rẹ̀ náà ni wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ nínú igbá. (Kì í yọ́ nínú òróró gbígbóná bíi ti òyìnbó, ni ó fi bá ọbẹ̀ mu.) Ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wàgàsí, wọ́n ń fi pòròpórò ọkà bàbà pa á láró pupa, ó sì ń ti àríwá dé Kútọnu. Ti Èkìtì funfun ni. Bí òjò bá ń rọ̀ tí koríko tutù, ó ń pọ̀ lọ́jà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ó ń wọ́n.

Láti 1987 ni iléeṣẹ́ ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe lè fi ẹ̀wà sóyà se oúnjẹ ilé. Wàrà sóyà kò nílò màlúù. Omi ògì kíkan lè dì í. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń jẹ́, nítorí náà ẹni tó bá béèrè bóyá ènìyàn ń jẹ wàrà ní láti kọ́kọ́ béèrè èwo.

Ní oṣù Karùn-ún 2016, àwọn agbébọn pa ènìyàn ní Òkè-Akò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé; àwọn darandaran ni wọ́n fẹ̀sùn rẹ̀ kàn. Ní oṣù Kẹjọ, Gómìnà Ayọ̀délé Fáyóṣé fọwọ́ sí òfin tó fi ìjẹko màlúù mọ sí ibi tí ìjọba yàn, láti aago méje àárọ̀ sí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Lórí màlúù àti ọkùnrin tó ń dà á ni àríyànjiyàn náà dá lé. Obìnrin tó ń ru igbá wọ ọjà kò sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ bí agbo bá ṣí kúrò, ọjà tirẹ̀ ló ń tú.

Oko màlúù Ìkún-Èkìtì ní Mọ̀bà, tí ìjọba Káyọ̀dé Fáyẹmí pa ọwọ́ pọ̀ pẹ̀lú Promasidor láti sọ jí, kì í da màlúù káàkiri. Mílíìkì iléeṣẹ́ ni wọ́n tún un ṣe fún, kì í ṣe ti ìkòkò àti ewé bọmubọmu.