Ọ̀wẹ̀ inú ordinateur: bí iṣẹ́ púpọ̀ ṣe ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà

Bí a bá bẹ ọ̀wẹ̀ sóko, a kì í ní kí ẹnì kan kọbè tán kí ẹnì kejì tó gbé ọkọ́. Gbogbo wọn ló ń kọ ọ́ pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe lè rán ordinateur níṣẹ́.

Kọ́múnù Bantè ní arrondissement mẹ́sàn-án, Agoua wà nínú wọn. Ká ní a ní fáìlì kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ kajú sí, orúkọ kan lórí ìlà kan. Nínú Bash, shell tí Brian Fox gbé jáde ní 1989, a ó kọ báyìí:

for f in *.txt; do
  wc -l "$f" > "$f.esi" 2> "$f.asise" &
done
wait
cat *.esi

Àmì & ní kí iṣẹ́ náà máa lọ lábẹ́lẹ̀, kí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Àmì > ń kó èsì sínú fáìlì tirẹ̀. 2> ń kó àṣìṣe. Ẹ má da gbogbo èsì sínú fáìlì kan ṣoṣo o, torí ọ̀kan á pa ti èkejì rẹ́. Wait á dúró dè wọ́n títí gbogbo wọn á fi parí, kí cat tó kà á fún wa.

Ẹ ṣọ́ra o: wait lásán báyìí kì í sọ fún wa bí iṣẹ́ kan bá kùnà. Bí ẹ bá rí nǹkan nínú fáìlì .asise, ẹ má gba iye yẹn gbọ́. Àgbẹ̀ tí a kò kà lè pàdánù ìpín rẹ̀. Tí fáìlì bá sì pọ̀ jù, ẹ lo xargs -P 4: iṣẹ́ kò ní ju mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ kò sì ní rẹ̀.