Bí Omi Kànga Kò Bá Lágbára Mọ́ Lẹ́nu Ẹ̀rọ

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin baba, àti gbogbo ẹni tí àbójútó ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi tí ń kán tótó lẹ́nu ẹ̀rọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìnira lásán. Nígbà tí omi bá ń jáde dáadáa, ìyá yóò fọ ọwọ́ kí ó tó fún ọmọ lóúnjẹ, yóò sì tún un fọ̀ lẹ́yìn tí ó bá ṣan ìdí fún un, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n bí garawa kan bá ń gba ìdajì wákàtí kí ó tó kún, ọwọ́ fífọ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tí ilé máa ń fi sílẹ̀. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ jinná, aṣọ ilé ìwé gbọ́dọ̀ mọ́; ọwọ́ ni a máa ń sọ pé yóò dúró. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ gbuuru ti ń rí ọ̀nà wọlé tọ ọmọdé. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa páìpù àti táńkì nínú ìwé ìlera ìdílé yìí.

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti àwọn ìlú mìíràn, onílé ni ó ń pèsè omi fún ara rẹ̀. A ó gbẹ́ kànga, a ó fi ẹ̀rọ fa omi rẹ̀ sínú táńkì orí òpó, omi yóò sì máa ti ibẹ̀ ṣàn wá sí ilé ìdáná àti bálùwẹ̀. Ohun tí ń ti omi náà jáde ni gíga táńkì, kì í ṣe títóbi rẹ̀. Táńkì oní 500 lítà tí ó ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ ní mítà 6 yóò ti omi jáde ní ìlọ́po mẹ́ta agbára táńkì oní 2,000 lítà tí ó fi mítà 2 péré ga jù ú lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra táńkì ńlá nítorí pé omi rẹ̀ kò lágbára ti fi owó ṣòfò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì: bí bálùwẹ̀ òkè bá fẹ́rẹ̀ẹ́ bá táńkì dọ́gba, kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀, àfi kí a gbé òpó táńkì ga sí i. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe èyí, nítorí omi 1,000 lítà wúwo tó àpò sìmẹ́ńtì 20, ọmọ a sì máa ṣeré lábẹ́ òpó.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ wò ó fúnra yín. Ẹ gbé garawa oní 20 lítà sábẹ́ ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi aago wo ìṣẹ́jú tí yóò fi kún. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe bákan náà lẹ́nu ẹ̀rọ yòókù. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni kò lágbára, ó ṣeé ṣe kí iyanrìn tàbí ìpẹtà ti dí ẹnu rẹ̀. A lè tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì dá a padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bí gbogbo wọn bá rọ lẹ́ẹ̀kan náà, táńkì ni ẹ ó lọ wò. Bí táńkì bá kún tí omi kò sì tì, ó lè jẹ́ pé ẹni kan kò ṣí ìdè omi abẹ́ rẹ̀ tán, tàbí kí ẹrẹ̀ ti kóra jọ sí ìsàlẹ̀ táńkì, tàbí kí páìpù ti jò.

Ti jíjò yìí ni ó kan ìlera jù lọ. Ihò tí omi ń gbà jáde nígbà tí ó bá lágbára náà ni ìdọ̀tí lè gbà wọlé nígbà tí agbára rẹ̀ bá lọ sílẹ̀. Bí páìpù náà bá gba ẹ̀gbẹ́ ṣaláńgá tàbí kòtò omi ìdọ̀tí kọjá, ohun tí ẹ ń bu mu lè ti yàtọ̀ sí ohun tí ó wà nínú kànga. Ní alẹ́, ẹ ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí omi dé nínú táńkì. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ń jò níbì kan. Ẹ má sì ṣe fi ẹnu rọ́bà omi sílẹ̀ nínú garawa ọṣẹ, nítorí páìpù lè fa omi ọṣẹ náà padà.

Bí ó bá wá jẹ́ pé táńkì gan-an ni kò kún mọ́, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀rọ tàbí ti kànga. Ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, inú ilẹ̀ rírọ̀ tí ó wà lórí àpáta náà ni omi kànga máa ń dúró sí. Láti ìgbà tí òjò bá ti dáwọ́ dúró ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, omi yìí yóò máa lọ sílẹ̀ títí òjò yóò fi tún dé. Ẹ̀rọ tí a gbé kalẹ̀ lókè kànga kò lè fa omi tí ó fi ju nǹkan bí mítà 7 tàbí 8 lọ jìn sí i, bí ó ti wù kí ẹ̀rọ náà lágbára tó. Bí púlọ́ńbà bá ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tí ó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ fún irú kànga yìí, ẹ má dá a lóhùn. Irú ẹ̀rọ tí a ń rì sínú omi, tí àwọn ènìyàn ń pè ní súmò, ni ó lè ti omi jáde láti ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí a gbẹ́ kànga jìn sí i, ìgbẹ̀yìn ọ̀gbẹlẹ̀ ni àkókò rẹ̀. Kànga tí a gbẹ́ nígbà òjò a máa tanni jẹ.

Bí ẹ bá ní láti bu omi sí ẹ̀rọ òkè ní àràárọ̀ kí ó tó fa omi, ìdérí ẹsẹ̀ páìpù tí ó wà nínú kànga kò pa omi mọ́ mọ́ nìyẹn, owó rẹ̀ kò sì tó ti ẹ̀rọ tuntun rárá. Bí iná mànàmáná bá rẹlẹ̀, tí ẹ̀rọ ń kùn láìyí, ẹ pa á kíákíá.

Ní ti ẹni tí ẹ ó pè, ẹ béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tí omi rẹ̀ ti ń dára fún ọdún kan ó kéré tán, kì í ṣe ẹni tí wọ́n ṣe tirẹ̀ lánàá. Púlọ́ńbà tí ó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè bí kànga ṣe jìn tó àti ìgbà tí wàhálà náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dárúkọ owó kí ó tó ṣí ìdérí kànga kò tíì mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Ẹ ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ohun èlò. Kí ẹni kan nínú ilé bá a lọ sọ́jà, kí ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì gba èyí tí ó bàjẹ́ padà. Ẹ fi apá kan owó iṣẹ́ sílẹ̀ títí garawa oní 20 lítà yẹn yóò fi kún lójú yín ní iye ìṣẹ́jú tí ó yẹ. Ẹ kọ ọjọ́, jíjìn kànga, gígùn páìpù àti agbára ẹ̀rọ sínú ìwé kan. Ẹni tí yóò wá lọ́jọ́ iwájú yóò dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a bẹ̀ yín kí ẹ má fojú kéré. Afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ kànga lè má tó mí. Bí wọ́n bá gbé ẹ̀rọ tí ń lo epo bẹntiróò sínú rẹ̀ tàbí sí ẹnu rẹ̀ láti fa omi gbẹ, èéfín olóró rẹ̀ yóò kún ibẹ̀, májèlé inú rẹ̀ kò sì ní òórùn. Àtùpà tí àwọn àgbà máa ń sọ̀ kalẹ̀ lè kú bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ṣùgbọ́n kò lè fi májèlé yìí hàn. Ẹni tí yóò wọ kànga gbọ́dọ̀ so okùn mọ́ra, kí ènìyàn méjì sì wà lókè. Bí kò bá dáhùn mọ́, okùn ni kí a fi fà á. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ̀ lé e wọlé. Báyìí ni ẹni kejì àti ẹni kẹta ṣe ń kú nínú kànga kan náà. Bí oníṣẹ́ bá lọ jẹun, kí ó dé kànga kí ó tó lọ, nítorí àwọn ọmọ.

Lẹ́yìn àtúnṣe, kànga ti gba ìdọ̀tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Ẹ lo Jik tí kò ní lọ́fínńdà. Bí wọ́n bá kọ 3.5% sí i lára, díẹ̀ lé ní ìdajì lítà ni ti omi 1,000 lítà. Kànga tí ìbú ẹnu rẹ̀ jẹ́ mítà 1, tí omi inú rẹ̀ jìn ní mítà 3, gba nǹkan bí 2,350 lítà. Ẹ má pò ó mọ́ oògùn ìfọṣaláńgá kankan. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ẹ fa omi náà dànù, kí ẹ má ṣe dà á sídìí ẹ̀fọ́ tàbí fún adìyẹ. Títí òórùn rẹ̀ yóò fi tán, ẹ wá omi mímu níbòmíràn, kí ẹ sì sè é títí yóò fi hó yaya kí ẹ tó fún ọmọ.